Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ọ̀nà Aṣálẹ̀

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ nígbà tí ènìyàn bá jókòó sínú ilé, ṣùgbọ́n kì í rọrùn láti tẹ̀ lé nígbà tí ọ̀nà bá là sílẹ̀ gbalaja níwájú, tí epo kún inú ọkọ̀, tí ọmọ ẹni sì ń wo ojú ẹni.

Ní gúúsù California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ó fi ń kó pákó àti irinṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè ọkọ̀ náà kò tíì tán lọ́rùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe ti iléeṣẹ́ jáde ni ó ṣe wà: kò gbé e ga sí i, kò pààrọ̀ táyà rẹ̀, kò sì de irin kankan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló ń bọ́ ilé rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Òun kan náà ni ó fẹ́ gbé lọ sí aṣálẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ẹni ọdún 16.

Ọmọ náà ti wo fídíò púpọ̀ lórí fóònù. Ó ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé ga bí ilé àwọ̀n, tí táyà rẹ̀ tó ọmọdé ní ìdúró, tó ń gun àpáta bí ewúrẹ́ ṣe ń gun àkìtàn. Ó ní, "Dádì, ẹ wò ó, píkọ́ọ̀pù ni èyí náà. Ohun tó ṣe, tiwa náà lè ṣe é." Baba rẹ̀ kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé orúkọ kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ẹni tó ni ti inú fídíò lè ní ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Òun kò ní.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà ṣe ni pé ó mú okùn ìwọnlẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń wo gíga ara ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n á sì gbà pé ọkọ̀ àwọn ga. Ojú ni ó ń tàn wọ́n. Kì í ṣe ara ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kan òkúta, bí kò ṣe ilé jíà ribiti tó wà láàárín irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí a kò yí padà, ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí íǹṣì 8 sí 9 lọ sí ilẹ̀. Ọkùnrin náà wọn tirẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé pélébé kan tó lẹ̀ mọ́ iwájú ìjókòó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì wo ikùn ọkọ̀. Iwájú ni yóò kọ́kọ́ pàdé gegele. Bí báńpà bá gùn jù tàbí tó bá lọ sílẹ̀ jù, òun ni yóò gbá ilẹ̀ kí táyà tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn náà ní ewu tirẹ̀: irin tí a fi ń fa ọkọ̀ mìíràn máa ń wọ́ nílẹ̀ bí táyà ẹ̀yìn bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta. Ní ti ikùn, bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ó ṣe rọrùn tó fún un láti fi ikùn jókòó sórí òkìtì. Píkọ́ọ̀pù tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin àti ẹ̀yìn gígùn máa ń gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n gígùn yìí kan náà ni ó ń dí i lọ́wọ́ níbi tí ọkọ̀ kúkúrú ti ń kọjá wẹ́rẹ́. Bákan náà ni kò rọrùn láti yí i padà lójú ọ̀nà tóóró.

Ọ̀rọ̀ agbára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rin sàn ju èyí tó ń yí méjì lọ nínú iyanrìn, jíà kékeré tó ń mú ọkọ̀ rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá sì wúlò púpọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a kò fi nǹkan kún, bí táyà kan bá gbé sókè kúrò nílẹ̀, òun ni agbára ń sáré lọ bá. Yóò máa yí lófìfo, èkejì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò sì ní ṣe ohunkóhun. Ìdí nìyí tí kòtò tó kọ́lọkọ̀lọ, tó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan sókè, fi burú fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju òkè tó ga ṣùgbọ́n tó tẹ́jú lọ.

Nígbà tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ tán, ó kàn án láti mọ ọ̀nà. Aṣálẹ̀ kì í ṣe iyanrìn nìkan. Ọ̀nà kan wà tó rí bí páànù tí a fi ń kan òrùlé, tó ní igun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ tí a kò yí padà lè rìn ín, ṣùgbọ́n yóò gbọ̀n rìrì títí nọ́ọ̀tì yóò fi máa tú. Ọ̀nà mìíràn gba inú odò gbígbẹ kọjá. Yanrìn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gbé táyà mì. Awakọ̀ tó gbọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù níbẹ̀, láti nǹkan bí 35 sí nǹkan bí 20 lórí ẹ̀rọ ìwọnfẹ́fẹ́, kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ kí ó sì di yanrìn mú. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò fi fẹ́ ẹ padà kó tó bọ́ sórí títì ọlọ́dà. Adágún gbígbẹ tún wà, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ ìjókòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Bí òjò bá ti fọwọ́ kàn án, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò di ọkọ̀ mú títí a ó fi wá ẹni tí yóò fà á jáde. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀nà àpáta, tó rí bí àtẹ̀gùn ilé tí oníṣẹ́ kọ̀ láti parí.

Ìwé atọ́nà máa ń fún àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ní máàkì, bí àpẹẹrẹ láti 1 dé 10. Máàkì wúlò, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó jẹ́ 2 láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ní ibì kan ṣoṣo tó jẹ́ 6, ibì kan ṣoṣo náà sì ni yóò pinnu ìrìn-àjò. Ọ̀nà kò le ju ibi tó le jù nínú rẹ̀ lọ, kò sì rọrùn jù ú lọ. Ọkùnrin náà kì í béèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní gbogbogbòò. Ohun tó ń béèrè ni pé: níbo ni ó ti le jù? Ṣé ọkọ̀ lè yí padà kó tó dé ibẹ̀? Bí ọkọ̀ bá kú síbẹ̀, báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ibi tí ènìyàn wà?

Pẹ̀lú ìbéèrè wọ̀nyí ni ó fi tẹ́ máàpù bébà sórí tábìlì, tí ó sì pe ọmọ rẹ̀ kí ó wá jókòó tì í.

Wọ́n kọ́kọ́ wo Mojave Road, tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 138, láti odò Colorado lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe ọkọ̀ ni ó la ọ̀nà náà. Àwọn ará Mojave tó ni ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn ín láti orísun omi kan dé òmíràn, tí wọ́n ń gbé ọjà lọ sí etí òkun. Àlùfáà Francisco Garcés tẹ̀ lé wọn gba ibẹ̀ ní 1776, Jedediah Smith sì gbà á ní 1826. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣeé rìn fún píkọ́ọ̀pù tó ní agbára táyà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó la adágún gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Soda Lake kọjá, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn òjò ní láti yà. Láàárín adágún náà ni òkìtì òkúta kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò ń fi òkúta tiwọn kún bí wọ́n bá ti ń kọjá. Gbogbo ọ̀nà náà ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọjọ́ méjì péré ni baba àti ọmọ ní, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Wọ́n wo ọ̀nà Racetrack nínú Death Valley, ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti 1994. Máìlì 27 ni láti ihò òkè ayọnáyèéfín Ubehebe dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí òkúta ti ń rìn fúnra rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe kàyéfì nípa òkúta wọ̀nyí, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi hàn ní 2014 pé yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dì lórí omi díẹ̀ lóru ni atẹ́gùn ń tì, tí yìnyín náà sì ń ti òkúta. Ọ̀nà náà kò ga, kò sì gẹ̀rẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ ni ewu rẹ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ jẹ́ ti ojú títì, tí kò sì ní ju táyà àpamọ́ kan lọ, ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ọmọ náà wo táyà ọkọ̀ baba rẹ̀ láti ojú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ pé kí wọ́n fa ìlà kọjá lórí ìyẹn.

Ọ̀nà kẹta ni ti Warm Spring Canyon, ní gúúsù ọgbà kan náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi ìwakùsà àtijọ́ kan gòkè lọ sí Butte Valley, níbi tí òkè abilà kan tí wọ́n ń pè ní Striped Butte dúró sí láàárín pápá. Píkọ́ọ̀pù tó ga díẹ̀ lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà gun Mengel Pass, tó sì sọ̀ kalẹ̀ gba Goler Canyon lọ sí Panamint Valley. Apá òkè yìí ni ibi tó le jù: àpáta ni, ó sì ń fẹ́ ọkọ̀ gíga tó ní agbára táyà mẹ́rin àti awakọ̀ tó ti mọ irú rẹ̀. Baba fi báírò ṣe àmì sí ìsàlẹ̀ òkè náà. Ó ní, "Ibí ni a ó ti yí padà." Ọmọ kò sọ nǹkan kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbà. Lóòótọ́, abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọdún tó kọjá lè ṣi ènìyàn lọ́nà lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìyókù ìjì Hilary rọ òjò íǹṣì 2.2 sí Death Valley lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kì í sábàá ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ. Ìkún omi gé títì, ó kó òkúta dí ọ̀nà, wọ́n sì ti ọgbà náà pa fún nǹkan bí oṣù méjì. Ìwé atọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò lè mọ èyí. Nítorí náà ni ọkùnrin náà fi ka ìkéde àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Ìdí mìíràn tó fi yan oṣù Kọkànlá ni oòrùn. Ní àfonífojì yìí ni wọ́n ti kọ ooru 56.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú ní oṣù Kọkànlá yóò sùn sínú òtútù, yóò sì jí. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú ní oṣù Keje lè má rí ọjọ́ kejì.

Ìtàn kan wà tí ọkùnrin náà mọ̀, tí kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbéra ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n gbé omi tó ju gálọ́ọ̀nù kan lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ṣọ́bìrì, jáàkì, pákó pẹlẹbẹ tí jáàkì yóò dúró lé nínú yanrìn, táyà àpamọ́ tí wọ́n ti fẹ́ kún, àti ẹ̀rọ kékeré tó lè fi ìhìn ránṣẹ́ gba ojú ọ̀run níbi tí fóònù kò ti ṣiṣẹ́. Ìyàwó ilé ní ìwé kan lọ́wọ́ tó sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà, wákàtí tí wọn yóò padà, àti ẹni tí yóò pè bí wákàtí náà bá kọjá. Nígbàkigbà tí wọ́n bá dúró, ọmọ náà máa ń bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó tún gbéra, nítorí pé ìjàpá aṣálẹ̀ Mojave, tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bò láti 1990, fẹ́ràn láti sinmi sábẹ́ òjìji táyà. Wọn kò kúrò lójú ipa ọ̀nà rárá, nítorí ipa táyà kan ṣoṣo lè wà lára ilẹ̀ aṣálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Butte Valley. Ọkọ̀ náà ti gbọ̀n, ó ti kún fún eruku, ṣùgbọ́n kò fara gbọgbẹ́. Oòrùn ń wọ̀, ìlà ara òkè abilà náà sì ń pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sùn sẹ́yìn ọkọ̀. Ìràwọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà kò fi rántí fóònù rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, ó tọ́ka sí òkè. Ó ní, "Dádì, ó ku díẹ̀ péré. Ẹ jẹ́ ká kàn lọ wò ó."

Baba gbà. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ síwájú títí wọ́n fi dé ibi gbalasa tó kẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lè yí padà. Níbẹ̀ ni ó ti pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan àpáta àkọ́kọ́. Baba yọ okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀, ó nà án fún ọmọ. Ọmọ wọn ọ́n, ó sì wo nọ́ńbà náà. Ìwé pélébé tó wà nínú ọkọ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó tún rìn síwájú, ó wọn èkejì, ó wọn ẹ̀kẹta. Lára àpáta ẹ̀kẹta ni ibì kan ti dúdú, tí epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíràn ti dà sí.

Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí baba fi sọ ìtàn náà. Ní oṣù Keje ọdún 1996, àwọn àlejò mẹ́rin láti Jámánì, àgbàlagbà méjì àti ọmọdé méjì, gba ọ̀nà yìí kan náà wá pẹ̀lú ọkọ̀ akérò kékeré tí wọ́n háyà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlejò ní Warm Springs pé àwọn ń gba òkè kọjá. Ọkọ̀ wọn kì í ṣe ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n rí ọkọ̀ náà nínú Anvil Canyon, ó rì sínú yanrìn, táyà rẹ̀ ti bẹ́. Wọn kò rí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ọdún 13 kọjá kí àwọn tó ń wá wọn tó rí egungun àwọn àgbàlagbà náà ní 2009, ní ọ̀nà jíjìn sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí.

Ọmọ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ náà?"

Baba ní, "Wọ́n kéré sí ọ."

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Lórí máàpù, ọ̀nà tó gba òkè kọjá kúrú, èyí tí ènìyàn ti gbà wá sì máa ń dà bí ẹni pé ó gùn nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà nínú aṣálẹ̀ nìyẹn: wọn kì í fẹ́ padà sẹ́yìn. Owó epo ti lọ, ìsinmi kúrú, ojú ń ti àgbàlagbà lójú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa fi díẹ̀ kún díẹ̀, títí iwájú kò fi ní ṣeé lọ, tí ẹ̀yìn kò sì ní ṣeé padà sí. Ẹni tó bá yan ibi tí yóò ti yí padà nígbà tó ṣì jókòó sídìí tábìlì, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìpinnu tí yóò ṣe nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n dìde. Ọmọ náà ni ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀, tí ó ń juwọ́ sí baba rẹ̀ bí ó ti ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ni wọ́n gbà lọ. Nígbà tí wọ́n dé etí títì ọlọ́dà, ọmọ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí 35, ó sì fi ìhìn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé àwọn ti jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin náà di pákó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Eruku Butte Valley ṣì wà lára ìlẹ̀kùn. Ó ṣí ọkọ̀, ó sì rí i pé ẹnì kan ti fi báírò kọ nǹkan mọ́ ìwé pélébé náà, lábẹ́ nọ́ńbà tí òun kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ti àpáta mẹ́ta, wọ́n sì ju ti òkè lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.